Omi Tí Mo Ní Ó Ti Tán

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ asáré wa, ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́nà ọ̀fun tó, ẹ jẹ́ kó jáde lónìí. Ẹ mọ̀ pé ojú máa ń tì mí láwùjọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò purọ́ fún yín. Èmi ni mo purọ́.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá wa ni àwa méjèèjì ti kọ́ ìwé, bàbá náà ni wọ́n kọ́ wa ní eré ọ̀nà jíjìn. Òfin wọn kan ò ṣeé yí: ẹni tó wà níwájú ò gbọdọ̀ wo ọ̀tún wo òsì, ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò máa bá a wò ó, tí yóò máa kígbe pé, “Omi wà lọ́tùn-ún!” tàbí “Ẹnì kan ń lé wa bọ̀ o!” Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wà níwájú nígbà gbogbo. Bí mo bá ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú lẹ́ẹ̀kan,” wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: “Ìwọ tí o kì í lè kí àlejò sókè? Ta lo fẹ́ ṣíwájú?” Ẹ̀gbọ́n mi á ní, “Má jẹ́ kó dùn ẹ́, Ojú Mi.” Orúkọ yẹn máa ń bí mi nínú!

Lọ́jọ́ eré ìdíje ẹgbẹ́ wa, òjò ti rọ̀ mọ́jú, oòrùn wá yọ lé e lórí. Ooru ń rú sókè láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́, òógùn kọ̀ kò gbẹ, aṣọ lẹ̀ mọ́ wa lára. Bí a ṣe sún mọ́ tábìlì omi, ẹ̀gbọ́n mi ò yíjú, ó kàn pariwo pé, “Ojú Mi, omi ńkọ́?” Mò ń wo àwọn ike omi tó kún tábìlì, mo ní, “Ó ti tán! Máa lọ!” Mo mú tèmi, mo mu ún. Mo kàn fẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, kí n lè kọjá. Ẹ gbọ́ àwáwí! Ní tábìlì kejì, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Irú ìyà wo rèé!” ó sì ń sá lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé òpin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Mo lé e bá. Ó na ọwọ́ sí mi: “Àbúrò mi, jọ̀ọ́, ẹnu mi ti gbẹ.” Omi ṣì wà nínú ike ọwọ́ mi. Èyí ló burú jù: mo da omi náà sórí ara mi, mo sì sáré kọjá. Mo gbọ́ nígbà tó ṣubú. N kò dúró. Èmi ni mo gba ife ẹ̀yẹ.

Nígbà tó lajú nílé ìwòsàn, ó ní èmi ni mo sọ pé omi tán. Ìyá olómi tó ń pín omi ní tábìlì fárígá: “Omi wo ló tán? Èyí tó ṣẹ́kù la fi fọ tábìlì!” Ẹ yíjú sí mi; mo mi orí pé n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá ní ó ń fi irọ́ bo agídí tí kò jẹ́ kó mu omi, ẹ sì lé e kúrò lẹ́gbẹ́.

Ní báyìí, kò gbà pé etí òun pé mọ́. Bí wọ́n bá pè é lóde, á kọ́kọ́ bi mí pé, “Ṣé wọ́n pè mí lóòótọ́?” Láàárọ̀ yìí, ara mi ò gbà á mọ́, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rọra fọwọ́ kàn mí lórí. Ó ní, “O ṣeun, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé o kàn fẹ́ tù mí nínú ni.”

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ ìdáríjì tèmi. Ẹ fi tó bàbá wa létí, ẹnu mi ò gbà á. Kí gbogbo yín wá sílé wa, kí ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ohun tó gbọ́ gan-an ni mo sọ. Tiyín ni yóò gbà gbọ́.