Ìwé Tí Mo Ní Kí Gbogbo Yín Kà

Ẹ má tíì gé kéèkì yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé torí ká lè dágbére fún Abẹ́rẹ́ la ṣe pé jọ sí yàrá ìpàdé yìí, Màdáámú tó ni ilé iṣẹ́ pàápàá ti jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó gbọ́dọ̀ jáde kí ọmọ yìí tó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ má wo ọ̀pá tí mo fi ń rìn. Ẹsẹ̀ ló kán, ẹnu mi ò kán.

Gbogbo yín lẹ ń pè mí ní Bàbá Oníwèé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, tó wá bi mí pé, "Ọ̀gá, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tí mo bá fẹ́ mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè?" màá na ìka sí ìwé gàdàgbà tó wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà mi. Màá ní, "Lọ ka ìyẹn tán ná. Tí o ò bá tíì kà á, má bá mi sọ̀rọ̀ ààbò." Màá wá mi orí bí àgbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò kà á rí! Ojú ewé kan ṣoṣo, mi ò kà. Kọ̀ǹpútà mi ló wálẹ̀ jù, ọrùn ń dùn mí, mo wá rí i pé ìwé náà nípọn dáadáa. Ohun tí mo mọ̀, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Èyí tí mi ò mọ̀, ariwo ni mo fi ń bò ó. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Abẹ́rẹ́ gbà mí gbọ́. Ẹ kúkú mọ ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí kì í gún dé. Ó wá bá mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tiyín." Mo yarí kanlẹ̀. Mo ní mo ti kọ èrò ọkàn mi sí etí ìwé náà. Irọ́ ńlá! Ó lọ ra tirẹ̀, ó ń kà á nídìí oúnjẹ, ó ń kà á nínú ọkọ̀, ó wá ń gbé ìbéèrè wá bá mi. "Ọ̀gá, kí ló dé tí kọ̀ǹpútà méjì fi ní láti kọ́kọ́ kí ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀?" Màá ní, "Tún un kà, ó wà níbẹ̀." Á lọ, á tún un kà, á sáré padà wá: "Ẹ ṣé gan-an, Ọ̀gá, mo ti rí i!" Èmi ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Èmi tí ojú ń tì.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ, bóyá ǹ bá panu mọ́. Màdáámú wá ń wá ẹni tó máa jẹ́ olórí ààbò, ó ní kí èmi tí mo kàwé jù dán Abẹ́rẹ́ wò níwájú òun. Mo bi í pé, "Tí o bá rí àgádágodo kékeré lókè ojú ewé kan lórí ayélujára, kí ló túmọ̀ sí?" Ó ní, "Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà ò lè ka ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní kí ẹni tó wà lódìkejì máà jẹ́ olè. Olè náà lè ní àgádágodo tirẹ̀." Yéè! Ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo yín ni pé, tí ẹ bá ti rí àgádágodo, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú mi ń sọ fún mi pé ọmọ yìí tọ̀nà. Mo sì mọ̀ pé tó bá tọ̀nà, àṣírí mi tú. Ni mo bá rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, "Màdáámú, ó kà á lóòótọ́, kò kàn yé e ni." Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ máà bínú, Ọ̀gá. Màá tún un kà."

Kò pẹ́ ló bá mi lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ọ̀gá, mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bóyá iṣẹ́ yìí kọjá agbára mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá máa bá òun ta bàtà." Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ." Èmi ọkùnrin yìí, mi ò nítìjú!

Ẹ rántí pé kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo jábọ́ lórí àga níbi tí mo ti ń fa wáyà gba àjà. Dókítà ní kí ẹsẹ̀ mi máa wà lókè. Ìyàwó mi wá kó ẹrù mi níbí, ó rí ìwé náà, ó ní èyí á dára lábẹ́ ìrọ̀rí tí màá gbé ẹsẹ̀ lé. Nígbà tó délé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá pariwo: "Baálé mi, ìwé tí ẹ fi ń dáyà já gbogbo ayé, ṣé inú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á ló ṣì wà yìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ló bá fa ọ̀rá náà ya, ó gbé ìwé lé mi láyà. Ó ní, "Ẹ ò kúkú ríbi lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ gbọ́, ìwé yìí dùn! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi? Mo ń kà á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí mo fi dé ibi àgádágodo. Ohun tí Abẹ́rẹ́ sọ gan-an ló wà níbẹ̀. Igbe tí mo ké, ìyàwó mi rò pé ẹsẹ̀ kejì ti kán.

Màdáámú, ọmọ yìí yege, èmi ni mo fìdí rẹmi. Ẹ jọ̀ọ́, ipò yẹn ṣì ṣófo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ sínú ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín ò wọ̀ rí. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní "Mi ò mọ̀," kì í pani. Ìwé yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí kò bá yé yín, Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ bi, mi ò tíì kà á dé ìdajì. Ìwé kejì tí mo máa ń ní kí ẹ kà, èyí tó sọ nípa bí olè ṣe ń wọlé, ẹ wo abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń dán.

Abẹ́rẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Ìdáhùn ọjọ́ yẹn, o mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Dákun, foríjì mí. Màdáámú ti ń mi orí pé ipò náà di tìrẹ, wò ó. Wọ́n kọ "Ó dàbọ̀, Abẹ́rẹ́" sórí kéèkì yìí. Ọ̀bẹ rèé. Bí o bá dárí jì mí, fi ha "Ó dàbọ̀" kúrò, jẹ́ kí orúkọ rẹ ṣẹ́ kù síbẹ̀, ká wá jẹun.