Akọ Ẹ̀fọn Tí Kò Rí Ìyàwó Fẹ́

Àwọn akọ ẹ̀fọn wa lẹ kọ́kọ́ ṣẹ̀, Ọ̀gá, lóṣù tó kọjá, kí ẹ tó wá ṣẹ èmi lọ́sàn-án Mọ́ńdè lójú gbogbo ará ibi iṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Nílé, àbúrò ìyá mi ni yín, mo ń kúnlẹ̀ kí yín, n óò sì tún kúnlẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ la wà yìí, ọ̀rọ̀ ti kún mi dé ọ̀fun.

Ẹ ní èmi ni mi ò bọ́ wọn yó. Èmi? Èmi tí mo ń po omi ṣúgà fún ẹ̀fọn ju bí mo ṣe ń se oúnjẹ ara mi lọ? Ta ló ní kí wọ́n pẹ́ nínú ẹ̀rọ ìtànṣán tó ń gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ wọn ní ìlọ́po méjì àkókò tó yẹ? Ẹ̀yin ni. Ẹ̀rù ń bà yín kí ẹyọ kan má lọ fún abo lóyún. Ó dáa, ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí. Kò sí èyí tó lè fò débi tí abo wà.

Ṣebí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tá a da tiwa àti akọ ìgboro pọ̀ sínú àgò kan náà, kí wọ́n jọ du abo? Akọ ìgboro, ọmọ gọ́tà, tí kò lólùtọ́jú, ó ń gbéyàwó lọ́tùn-ún lósì. Tiwa fara ti ògiri bí ọkọ ìyàwó tó mutí yó kí àlejò tó dé. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo tá a torí ẹ̀ sìn wọ́n náà nìyẹn, kí wọ́n gba abo mọ́ akọ ìgboro lọ́wọ́, kí ẹyin tó bá yé má pa. Kí wọ́n má lè bímọ la wí, Ọ̀gá, a ò ní kí wọ́n di akúra.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, ẹ̀yin kọ́ lẹ lọ láti ojúlé dé ojúlé. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá arúgbó tó ń ránṣọ lẹ́yìn ọgbà wa, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín fílíìtì fúngbà díẹ̀, kí ẹ má baà pa àwọn ẹ̀fọn tá a rán wá. Akọ ni wọ́n, akọ kì í jẹni.” Ìyá ní, “Ọmọ mi, akọ wo ni kì í jẹni?” A jọ rẹ́rìn-ín, ó gbé agolo fílíìtì ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. A ní kó fara dà á, ẹ̀fọn máa dín kù. Ẹ̀fọn ò dín kù. Ìyá ti dùbúlẹ̀ ibà láti ìjẹta.

Mo lọ kí i lánàá. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ò tiẹ̀ dá kíkí mi lóhùn, ó ní, “Ẹlẹ́fọn, ẹ tún ti dé?” Oyè tí ìwé tí mo kà fi mí jẹ nìyẹn.

Ẹ wá ní kí n sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ẹ̀fọn ló kọ iṣẹ́. Mi ò ní sọ ọ́. Àwọn akọ tó jáde kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ń lé abo kiri inú àgò.

Ẹ dá ẹ̀rọ náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká jọ gbé agolo ìyá yẹn lọ bá a lórí ibùsùn, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé kó máa fín fílíìtì ẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ ba iṣẹ́ jẹ́, kì í ṣe ọmọ tó wá tọrọ gáfárà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀.

Ó yá, Ọ̀gá, ẹ dìde ká lọ.

Ṣé ẹ ń bọ̀?