Òrùlé Tó Kù Sílé

Nínú ọkọ̀ Èrúwà sí Ìbàdàn, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya pílánù ilé, mo gbọ́ tí bàbá kan ń bá obìnrin tó ya tiẹ̀ jà.

“Ẹnjiníà ṣí pílánù mi lórí kọ̀ǹpútà, kò rí òrùlé! O fi í pamọ́ ni.”

“Mi ò fi nǹkan kan pamọ́, Bàbá. Dísíkẹ́ẹ̀tì méjì tí mo tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà sí ni mo fún yín. Inú ìkejì ni òrùlé wà, ibẹ̀ ni pílánù tó wà nínú àkọ́kọ́ ti ń mú un. Òrùlé yín ò sọ nù, ẹ̀yin lẹ fi í sílẹ̀ sílé.”

“Èyí tí orúkọ mi wà lára ẹ̀ ni mo mú.”

“Mo ní kẹ́ ẹ kó méjèèjì. Ó dáa, mo ti kó ẹ̀dà méjèèjì tó wà lọ́wọ́ mi wá. Tá a bá dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, ojú wọn ni màá ti ṣí i.”

Nígbà tá a dé Ìbàdàn, obìnrin náà ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Bàbá ń tẹ̀ lé e.