Irọ́ Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Kà

Èmi ni mo parọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ná. Mo fẹnu gba ilẹ̀ mọ́ opó kan lọ́wọ́ nípa irọ́, èmi tí mo máa ń na ọmọ nítorí irọ́.

Nígbà tí ara mi ṣì le, tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ìgàndò níbí, ọ̀gbẹ́ni oníwèé ìròyìn kan dé. Ó ní òun fẹ́ kọ ìwé nípa bí àwọn baba wa ṣe tẹ ìlú dó. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n kí ló ń bèèrè? Ta ló kọ́kọ́ dé, ibo ni ààlà wà, ta ló gbin pèrègún ìdí kànga. Ohun tó bá bi mí láàárọ̀, á tún lọ bi ẹlòmíràn nírọ̀lẹ́. Mo ń ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti ń wọlé láti ọ̀nà Ìkòtún nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn náà ṣe ń bèèrè. Ìwé wo ló ń kọ? Mo ní ẹ̀tàn ni.

Ìyá Rámátù, aládùúgbò wa, ló ni ilẹ̀ ẹ̀yìn kànga. Opó ni, kò bí ọkùnrin. Mo rò ó pé bí ọ̀gbẹ́ni yìí bá mọ̀, àwọn tó ń ra ilẹ̀ á rọ́ lù ú. Ilé tiwa ní ọkùnrin méje... ta ló máa dán an wò? Ni mo bá sọ sínú ẹ̀rọ pé bàbá wa ló ni gbogbo rẹ̀, pé àtìpó lásán ni ọkọ Ìyá Rámátù.

Ó tó ọdún méjì kó tó padà wá. Ó ti tẹ ọ̀rọ̀ gbogbo wa sórí bébà. Ó ní òun ò ní gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, àfi kí àwọn tó sọ̀rọ̀ gbọ́ ọ ná. Àwọn tòde òní ńkọ́? Wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á kọ ohun tó wù wọ́n. Ta ni wọ́n ń padà lọ bi?

A péjọ síwájú ilé wa, Ìyá Rámátù náà wà níbẹ̀. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo lọ. Ọ̀gbẹ́ni náà na bébà sí mi. Ó ní, “Màmá, ẹ bá wa ka tiyín.” Inú mi dùn pé mo lè kàwé, mo ti gbàgbé ohun tí mo sọ, jàre. Mo ń kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn... mo kà á dé ibi àtìpó.

Ìyá Rámátù ò pariwo. Ó kàn ní, “Àṣàkẹ́, ilẹ̀ ta wá ni mo sin ọkọ mi sí?”

Mo tún wo bébà náà. Ẹni tí mo ń fura sí kò fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ mi, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Bí mo bá dákẹ́, lọ́jọ́ kan, ọmọ wa kan á gbé ìwé yẹn lọ sí kóòtù láti fi gba ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lè fura, kò burú. Ẹ má parọ́ ṣá.

Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

“Ẹ̀yin ará Ìgàndò, irọ́ ni mo pa. Bàbá Rámátù kì í ṣe àtìpó. Baba tiẹ̀ ló fún baba wa níbi tí a kọ́lé sí. Ìbẹ̀rù ló mú mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ìyá Rámátù, ẹ forí jì mí. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé mo parọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ mi sí i.”