Èmi Ni Mo So Tíṣà Ajíbóyè Mọ́ Òkú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja láti ayé àwọn ṣójà. Ọkọ mi ò mọ̀. Pásítọ̀ mi ò mọ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí níwájú ẹbí méjì, mi ò sì fẹ́ tún jẹ́rìí èké. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí.

Nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òrè, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà. Ìlú le. Epo mọ́tò wọ́n. Wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n wá gbé kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní òun ló máa tú àṣírí àwọn tó ti kú tí orúkọ wọn ṣì wà lórí ìwé.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lẹ́nu fèrèsé tí a ti ń dá àwọn tíṣà lóhùn. Èyí ńlá wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ohun tí ẹ bá rí lójú ti iwájú, inú ti ẹ̀yìn ló ti ń wá. Èmi ni mo máa ń fi nọ́ńbà so wọ́n pọ̀: orúkọ ẹni lókè, ìtàn ayé rẹ̀ nísàlẹ̀. Tí mo bá so ó dáadáa, ohun tí mo kọ níwájú á wọlé sẹ́yìn fún ẹni tó ni ín. Tí mo bá ṣì í so, ẹlòmíì ni mò ń kọ ọ́ fún.

Òfin ni pé kí tíṣà kọ̀ọ̀kan wá ka ojú ìwé ara rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Tíṣà Ajíbóyè ò wá. Àlejò ni, ará Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n gbé wá kọ́ni ní Àgọ́ Aláyè, kò sì rí ọkọ̀ wọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní ṣebí ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kí ló tún fẹ́ kà? Mo buwọ́ lù ú fún un. Mi ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí àwọn ṣójà wá yẹ orúkọ wò, wọ́n ka tirẹ̀: ó ti kú. Ó dìde, ó ní, "Èmi rèé, sà." Ṣójà náà ní òkú kì í tò sórí ìlà. Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Mo sáré lọ wo kọ̀ǹpútà. Háà! Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, ṣùgbọ́n mo ti so ìsàlẹ̀ mọ́ nọ́ńbà Ọ̀gbẹ́ni Akíntìmẹ́yìn, tíṣà Odígbó kan tí wọ́n ti sin. Orí jẹ́ ti alààyè, ara jẹ́ ti òkú.

Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní fèrèsé. Ó ní, "Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ẹ ṣáà ń rí mi."

Mo ní, "Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ là ń tẹ̀ lé, sà."

Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tó lọ tán, mo pa "ó ti kú" rẹ́, mo kọ "ó wà láàyè". Òmùgọ̀ ni mí! Ara òkú ni mo kọ ọ́ sí, Akíntìmẹ́yìn náà bá di alààyè lórí ìwé. Nígbà tí àwọn ṣójà padà wá, wọ́n pe Ajíbóyè, ó dáhùn, inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Akíntìmẹ́yìn. Ohùn kan sì dáhùn láti ẹ̀yìn: "Sà!"

A wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó dìde. Àbúrò olóògbé náà, tí òun náà jẹ́ tíṣà, figbe ta: "Ohùn bọ̀ọ̀dá mi nìyẹn!" Ó lè jẹ́ ẹlẹ́fẹ̀ kan ni. Mi ò mọ̀ títí dòní. Mo sáré dá ọ̀rọ̀ náà padà sí "ó ti kú". Bí mo ṣe pa Tíṣà Ajíbóyè lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo ní láti tún so. Ṣùgbọ́n ọ̀gá á bi mí pé ta ló buwọ́ lù ú. Wọ́n á lé mi, bẹ́ẹ̀ ìyá mi àtàwọn àbúrò mi ń wo ọwọ́ mi. Mo dákẹ́.

Èmi dákẹ́, ìlú ò dákẹ́. Àwọn olóúnjẹ lójú títì ń sọ pé ẹ̀rọ ìjọba kì í purọ́. Wọ́n ní ta ló ti rí ará ilé rẹ̀ rí? Kí ló dé tí kì í lọ sílé? Owó ọkọ̀ ni kò ní o! Wọ́n ní àkúdàáyà ni, pé ó ti kú síbòmíì kó tó wá máa bá wa gbé. Àwọn ọmọ iléèwé ń sá fún un. Àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ wá láti Odígbó, wọ́n mú ọmọ wọn lọ, tòun ti ọmọbìnrin jòjòló tó pọ̀n sẹ́yìn.

Èyí tó burú jù rèé. Èmi tí mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni, èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan nítòsí gáréèjì, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀. Ó kí mi. Mi ò dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ sójú títì. Àwọn kan ní ọkọ̀ Bìní ló wọ̀, àwọn kan ní ti Èkó. Kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti pòórá." Mo bá wọn mi orí.

Ọdún ti gorí ọdún. Ọmọ mi ọkùnrin mú àfẹ́sọ́nà wálé, ọmọ Odígbó, ọmọlúàbí. Ọkọ mi lọ ṣèwádìí ẹbí rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dé, ó ní òun ò ní fẹ́ ọmọ àkúdàáyà fún ọmọ òun. Ẹ gbà mí o! Ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ lọ́jọ́ yẹn ni. Wọ́n wá ní èmi tí mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kí n wá sọ ohun tí ìwé ìjọba sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá sọ òótọ́, ọmọ mi á mọ irú ẹni tó bí òun. Tí mo bá dákẹ́, mo tún ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kí ni kí n ṣe? Ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ bẹ̀? Mi ò mọ ibi tí bàbá rẹ̀ wà.

Lánàá, ọmọbìnrin náà nìkan wá bá mi ní kíṣìnnì. Kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rárá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ fojú rí i. Ṣé ènìyàn ni bàbá mi?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rántí ná.