Páálí Géèmù Àwọn Ìbejì

Nínú kùrukùru ọyẹ́, níbi tá a ti ń dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn ní gáréèjì Upper Iweka, ni mo ti gbọ́ tọkọtaya kan tí wọ́n gbé páálí sáàárín ara wọn.

“Ìyá Ìbejì, géèmù yìí ò tàn mọ́. Kẹ́hìndé fúnra ẹ̀ ní ká jù ú nù.”

“Ṣé ẹ ti bi Táyé?”

Bàbá náà fọwọ́ nu eruku orí páálí náà. “Táyé lọ sọ́jà.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wí i. A kì í sọ pé ìbejì kú.

“Ẹni tó lọ sọ́jà, ṣé wọ́n máa ń da ẹrù ẹ̀ nù kó tó dé ni?”

Ọkọ̀ dé. Kọ̀ńdọ́ nawọ́ sí páálí náà. “Oga, bring am make I put am for boot.”

Bàbá gbé páálí náà lé itan. Ó rọra bi ìyàwó rẹ̀ pé, “Páàdì méjèèjì táwọn ọmọ fi ń ṣeré wà nínú ẹ̀, àbí?”