Ẹní Kì Í Ka Àlejò

Nínú takisí tó ń lọ sí àdúgbò Angondjé, mo jókòó ti ìyàwó tuntun kan àti àǹtí rẹ̀, mo sì ń ṣe bí ẹni tó ń sùn.

"Àǹtí, mo fẹ́ ní kí ìyá ọkọ mi má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́. Wọ́n ń kó ará ilé márùn-ún bọ̀, àga méjì péré ló wà nílé tuntun yẹn."

"Kí lo fẹ́ sè?"

"Ẹja yíyan àti dòdò."

"Ta ló wá fẹ́ jẹ àga níbẹ̀? Tẹ́ ẹní sí bàráńdà."

"Wọ́n á ní òtòṣì lọmọ àwọn fẹ́."

"Àga ló ń ka àlejò, ẹní kì í kà wọ́n. Orí ẹní ni ìyá ọkọ tèmi ti kọ́kọ́ pè mí lọ́mọ."

Ìyàwó gbé fóònù sétí.

"Màmá, ẹ káàsán, mà. Orí ẹní la ti máa jẹun lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú tiyín kan dání."

Èmi tí wọn ò pè, ọkàn mi ti jókòó sórí ẹní náà. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀.